Pásítọ̀ ní kí n má gba abẹ́rẹ́ fún ọmọ mi, òun fúnra rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ abẹ ní Àbújá

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kábà ni mo ń gbé. Ní 2024, wọ́n fi ìwé rán ọmọ mi obìnrin wálé láti ilé-ìwé pé ìjọba fẹ́ gún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Pásítọ̀ wa ti kìlọ̀ lórí pẹpẹ pé abẹ́rẹ́ náà máa sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn, pé ó máa ṣí ọ̀nà àgbèrè fún wọn, pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ni àjẹsára tiwa. Mo fa ìwé náà ya. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Pásítọ̀ ṣàìsàn, ìjọ dá owó, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó padà dé, ó ṣe ìdúpẹ́, ó jó, kò dárúkọ ilé ìwòsàn. Ọkọ mi, tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ní àgàbàgebè pátápátá nìyẹn, pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwa Kristẹni ti ń gbógun ti ìmọ̀ ìṣègùn. Ṣé òótọ́ ló ń sọ? Ta ló jẹ̀bi, Pásítọ̀ ni àbí èmi? Ṣé ó ti pẹ́ jù fún ọmọ mi?"

Òkun o, ìyá. Ìbéèrè tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni kò ṣeé fi falẹ̀. Kò tíì pẹ́. Àwọn ọmọbìnrin láti ọdún mẹ́sàn-án títí dé mẹ́rìnlá ni wọ́n ṣètò abẹ́rẹ́ yìí fún ní Nàìjíríà. Oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti Àbújá. Ó wá kan Kogí, ìpínlẹ̀ wa, àti àwọn ìpínlẹ̀ tó kù ní oṣù karùn-ún 2024, ìgbà yẹn sì ni ìwé tí ẹ fà ya dé ọwọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń gún un. Àwọn ìbéèrè yín tó kù gùn ju èyí lọ, torí ọkọ yín ti pa òótọ́ pọ̀ mọ́ ohun tí kì í ṣe òótọ́, mo sì fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún un. Dókítà ìlera àwùjọ ni mí, ọmọ Yàgbà, mo tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ. Mi ò lè sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó dúró lẹ́yìn odi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà jẹ́. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Dókítà ará Jámánì kan, Harald zur Hausen, ló tọpasẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yẹn ní 2008. Oríṣiríṣi ni HPV, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn, èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà 16 àti 18 dá mọ̀, ló wà nídìí nǹkan bí ìpín 70 nínú 100 jẹjẹrẹ yìí káàkiri ayé, abẹ́rẹ́ náà sì ń dènà àwọn méjèèjì. Ohun tó jọ awọ ara kòkòrò náà nìkan ni wọ́n fi ṣe é, kò sí kòkòrò ààyè nínú rẹ̀, kò sì sí ohun kan nínú rẹ̀ tó ń bá ilé-ọmọ tàbí ẹyin obìnrin jà. Ní Sweden, wọ́n ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọbìnrin àti obìnrin tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, èsì rẹ̀ jáde ní 2020: láàárín àwọn tó gba abẹ́rẹ́ yìí kí wọ́n tó pé ọdún 17, jẹjẹrẹ náà fi ìpín 88 nínú 100 dín kù. Ohun tó ń sọ ọ̀dọ́ obìnrin di àgàn gan-an ni jẹjẹrẹ yìí, torí bó bá mú un, ilé-ọmọ rẹ̀ ni a sábà máa ń yọ kí ẹ̀mí tó lè dúró. Ìró pé abẹ́rẹ́ ń sọni di àgàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun náà ni wọ́n gbé lé abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ lórí ní Kánò ní 2003, tí wọ́n fi dá iṣẹ́ náà dúró fún oṣù púpọ̀, tí àrùn náà fi ti apá Òkè-Ọya ràn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn aṣáájú Mùsùlùmí nìyẹn ti wá. Ní 2014, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ní Kẹ́ńyà gbé irú rẹ̀ lé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún àwọn obìnrin nítorí ipá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjọ Kátólíìkì kan náà yìí ní ilé ìwòsàn púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yẹn. Ẹ̀sìn méjì, irọ́ kan náà.

Ti àgbèrè ló ń dùn mí jù. Lóòótọ́, ìbálòpọ̀ ló ń gbé HPV ràn. Ibẹ̀ ni oníwàásù ti rí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn tó ń kú? Ní 2020, nǹkan bí 12,000 obìnrin ni wọ́n ṣírò pé jẹjẹrẹ yìí mú ní Nàìjíríà, nǹkan bí 8,000 sì ló pa. Nínú àwọn tí èmi ti rí ní Yàgbà àti Ìjùmú, ìyàwó ilé ni púpọ̀ wọn, ìyá ìjọ, obìnrin tí kò mọ ọkùnrin mìíràn ju ọkọ rẹ̀ lọ láyé. Ọkọ ló gbé kòkòrò náà wọlé, bóyá kó tó gbé e níyàwó pàápàá, òun náà kò sì mọ̀, torí kì í sábà ṣe ọkùnrin ní ohunkóhun tó lè tètè rí. Ẹ wá ro irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi: ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àsìkò rẹ̀, nǹkan tó ń rùn ń jáde lára rẹ̀, ó sì ń gbọ́ láti orí pẹpẹ pé àìsàn àwọn oníṣekúṣe ni. Kò ní sọ fún ẹnì kankan. Orí òkè àdúrà ló máa kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ ló sì máa pẹ́ sí, nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, àìsàn náà ti kọjá ohun tí a lè gé kúrò. Ìdí tí wọ́n fi ń gún àwọn ọmọ kékeré ni pé abẹ́rẹ́ náà kì í lé kòkòrò tó ti wọlé jáde. Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn mọ́ ilé rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ pe olè.

Wàyí o, ẹ̀sùn tí ọkọ yín fi kan àwa Kristẹni. Apá kan rẹ̀ kò ṣeé jiyàn. Ní 1722, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Edmund Massey gun orí pẹpẹ ní London láti wàásù lòdì sí gbẹ́rẹ́ ìgbóná. Ohun tí gbẹ́rẹ́ náà jẹ́ ni pé wọ́n á mú díẹ̀ nínú ọyún ara ẹni tí ìgbóná mú, wọ́n á fi sí ojú gbẹ́rẹ́ lára ẹni tí kò tíì mú, kó lè ṣe é níwọ̀nba kó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Massey ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, pé Ọlọ́run ló ń fi àrùn dán ènìyàn wò tàbí tó fi ń jẹ wọ́n níyà, pé Èṣù ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ sí Jóòbù lára. Àwọn tó gbọ́rọ̀ sí irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, àwọn kan nínú wọn sin ọmọ tí kò yẹ kí wọ́n sin. Kò sí bí a ṣe lè fi àdúrà bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ọkọ yín tẹ̀ síwájú nínú ìtàn náà, yóò rí ohun tó máa dà á láàmú. Ọdún kan ṣáájú ìwàásù yẹn, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní Boston ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní kí wọ́n lo gbẹ́rẹ́ náà ni pásítọ̀ kan, Cotton Mather. Ẹni tó sì kọ́ pásítọ̀ náà ni ọmọ Áfíríkà kan tó jẹ́ ẹrú nínú ilé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Onesimus, tó ti sọ fún un pé wọ́n ti sín in fún òun nílẹ̀ baba òun. Dókítà kan, William Douglass, ló ṣáájú àwọn tó ta kò ó. Wọ́n ju bọ́ǹbù wọ ilé Mather nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú nǹkan bí 240 ènìyàn tí dókítà kan tó gbọ́ ti Mather, Zabdiel Boylston, sín ní gbẹ́rẹ́, mẹ́fà ló kú. Nínú àwọn bí 6,000 tí ìgbóná mú fúnra rẹ̀, ó lé ní 800 tó kú. Níhìn-ín, pásítọ̀ ló dúró pẹ̀lú ìmọ̀, dókítà ló ṣáájú àwọn tó dí i lọ́nà. Pásítọ̀ yẹn náà ló sì ń fi ènìyàn ṣe ẹrú, ó ń gba ìmọ̀ tó gba ìlú là lẹ́nu ẹni tó sọ di ohun ìní. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dá kì í tẹ̀ sápá kan bí ọkọ yín ṣe fẹ́ kó tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìtàn ló sì wà tí àwọn tó kórìíra ẹ̀sìn ń sọ tí kò ní ìdí. Wọ́n á ní Póòpù Leo XII fi òfin de abẹ́rẹ́ ìgbóná. Àwọn tó wá òfin náà kiri kò rí i. Wọ́n á ní gbogbo ìjọ ló dìde nígbà tí James Young Simpson bẹ̀rẹ̀ sí í lo chloroform, oògùn amúnisùn, fún àwọn aboyún ní Edinburgh ní 1847, pé Ọlọ́run ti sọ fún Éfà pé nínú ìrora ni yóò máa bímọ. Lóòótọ́, àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀, Simpson sì kọ ìwé dá wọn lóhùn, ó rán wọn létí pé Ọlọ́run fi oorun ìjìkà kun Ádámù kó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn tú ìwé ìgbà náà wò, àtakò tó ti inú ìjọ wá kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀. Àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó bá a jà. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria sì lò ó láti bímọ ní 1853, ariwo rọlẹ̀.

Nílé wa níhìn-ín ńkọ́? Ní 1918, lúkúlúkú, ọ̀fìnkìn líle tó jà káàkiri ayé, dé ilẹ̀ Yorùbá. Láàárín oṣù díẹ̀ ó pa àìlóǹkà. Ìjọba ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, dókítà òyìnbó kò sì ní oògùn kan tó ràn án. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ gbàdúrà, wọ́n rí àwọn kan tó yè, wọ́n sì pinnu pé àwọn ti dágbére fún oògùn, ti òyìnbó àti ti ìbílẹ̀. Ìwé ìjọ Faith Tabernacle tó ń ti Philadelphia wá mú ìpinnu náà le. Nínú gbòǹgbò yẹn àti nínú ìsọjí Iléṣà ní 1930, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ni ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) ti hù, èyí tó wà káàkiri ilẹ̀ Òkun lónìí. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church ti ìlú ọba wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1930, ọ̀kan nínú ohun tó tú wọn ká ni pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuníìnì nítorí ibà, àwọn aṣáájú tiwa sì kà á sí àìnígbàgbọ́. Mi ò lè fi àwọn baba wọ̀nyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí wọ́n wàásù ni wọ́n gbé. Ara tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fi san án. Pẹnisílíìnì kò sì tíì sí, ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe nígbà náà kò tó nǹkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ìpinnu tí àjàkálẹ̀ àrùn kan mú jáde ní ọdún kan di ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé lé orí ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà, nígbà tí oògùn ibà ti wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ẹ kọjú sí ìlú Ẹ̀gbẹ̀ ní Yàgbà wàyí. Tommie Titcombe, míṣọ́nnárì Sudan Interior Mission (SIM), dé Yàgbà ní 1908, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì bá àṣà pípa ìbejì jà. Ní 1952, àwọn míṣọ́nnárì SIM dá ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀ sílẹ̀, èyí tó di ti ìjọ ECWA. Kí ọkọ yín bi àwọn ará ilé rẹ̀ wò, kò ní ṣàì rí ẹni tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ níbẹ̀ tàbí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpákè fún. Àwọn ènìyàn ń ti ibi jíjìn gba ọ̀nà eléruku wá, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé dókítà wà. Ní oṣù kejìlá 1966, ní apá Ògójà, dókítà míṣọ́nnárì kan, William Foege, dojú kọ ìgbóná, abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó fún gbogbo ènìyàn. Ó lo rédíò tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti wádìí abúlé tí àrùn náà wà, àwọn tó yí aláìsàn ká nìkan ló sì gún. Àrùn náà dúró. Ọ̀nà tó gbà yẹn di ọ̀nà tí gbogbo ayé gbà. Ní Somalia ní 1977 ni wọ́n ti rí ẹni ìkẹyìn tó kó o fúnra rẹ̀, ní 1980 wọ́n kéde pé kò sí mọ́. Ṣànpọ̀nná tí àwọn baba wa kì í dárúkọ lójú ọ̀sán, rédíò àwọn oníwàásù wà nínú ohun tó lé e kúrò láyé.

Nítorí náà, kì í ṣe òótọ́ pé ìjọ àti ìmọ̀ ìṣègùn jẹ́ ọ̀tá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èyí kò sì dá Pásítọ̀ yín láre. Ó mú ẹ̀bi rẹ̀ wúwo sí i ni, torí ó ní àwòkọ́ṣe rere nítòsí, tó gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ohun tí mo ti ń rí láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Aboyún wà lábẹ́ ìrọbí láti àná, ọmọ dábùú, nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Ìyá ìjọ tó tẹ̀ lé e wá kígbe pé a kò gbà á, pé bí àwọn obìnrin Hébérù ni yóò bí. Àdúrà yìí ti tàn dé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa, títí kan èyí tí ó ní ilé ìwòsàn. Kí àwọn tó ń gbà á ṣí Ẹ́kísódù orí kìíní. Àwọn agbẹ̀bí ló sọ ọ̀rọ̀ náà, Ṣífúrà àti Púà, fún Fáráò, nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀nà láti dá ẹ̀mí àwọn ọmọ sí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó fi ẹ̀mí ara wọn wewu kí ọmọ lè yè ni a wá fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe ohun tí a fi ń lé òṣìṣẹ́ ìlera sẹ́yìn, tí ọmọ fi ń kú. Wọ́n á tún mẹ́nu ba Ásà ọba tó wá oníṣègùn tó sì kú. Wọn kò ní mẹ́nu ba Hesekáyà tí Aísáyà ní kí wọ́n fi ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní rántí pé Pọ́ọ̀lù pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Kíróníkà kà sí Ásà lọ́rùn ni pé kò wá Olúwa. Kò sí ibì kan tó ti ní kó má rí oníṣègùn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan náà kò ní so yín pọ̀ lónìí láìrí ìwé jẹ́nótáìpù. Àwọn ọmọ tí ìran tó kọjá ń pè ní àbíkú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni fòníkú-fọ̀ladìde ń pa, ìjọ sì ti mọ èyí, ó ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dènà rẹ̀ kí ìgbéyàwó tó wáyé. Iṣẹ́ rere tí ìjọ ń ṣe nìyẹn, mo sì yìn wọ́n. Ó fi hàn pé nígbà tí aṣáájú bá ti lóye nǹkan, tí kò sì ná an ní agbára rẹ̀ lórí àwọn ọmọ ìjọ, ó mọ bí a ti ń fi pẹpẹ ṣe ìlera.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà yín tí mo rò pé ó burú jù kì í ṣe pé Pásítọ̀ lọ sí Àbújá. Inú mi dùn pé ó lọ. Ẹni tí inú ń run tí kò bá lọ sílé ìwòsàn ń fi ẹ̀mí ṣòfò. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ohun tó wàásù ló gbà gbọ́ títí di alẹ́ tí ìrora fi dé. Mi ò rí ọkàn rẹ̀, mi ò sì ní díbọ́n pé mo rí i. Ibi tí mo ti di í mú ni ìdúpẹ́ náà. Ó dúró níwájú àwọn tó dá owó, ó ní Ọlọ́run wo òun sàn, ó yọ ọ̀bẹ kúrò nínú ìtàn, ó yọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára bí wọ́n bá fà á, ó yọ nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọ lóru. Nínú ìjọ yẹn lọ́jọ́ náà, ẹnì kan jókòó tí koko wà lọ́mú rẹ̀, ó ń gbọ́, ó sì ń pinnu pé òun náà yóò dúró de Ọlọ́run. Bí ẹ̀rí ṣe ń pa ènìyàn nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni pa irọ́ tó ṣeé dì mú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni à ń gbọ́ ẹ̀rí àwọn tó yè. Àwọn tó da oògùn HIV wọn nù nítorí pé wọ́n ní wọ́n ti gba ìwòsàn, àwọn tó dẹ́kun oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ààwẹ̀ tí wọ́n wá ṣubú lulẹ̀, wọn kì í padà wá mú gbohùngbohùn. Ìṣirò ìjọ kò kà wọ́n mọ́. Jésù ti sọ ti irú aṣáájú yìí nínú Mátíù 23: wọ́n ń di ẹrù wúwo lé àwọn ènìyàn léjìká, wọn kò sì jẹ́ fi ìka kan án fúnra wọn.

Ìyẹn ni ìwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ara ta ni ó ń san owó ohun tí ẹnu ẹnì kan sọ? Àwọn baba 1918 fi ara wọn san án. Àgbàlagbà tó bá mọ ohun tó ń ṣe, tó ní òun kò gba ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn òun, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Nàìjíríà sọ ní 2001 pé ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mo gbà. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kan náà dá ẹjọ́ ìyá kan tí kò fẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ lára nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Wọ́n ní òbí kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì tó ìpinnu ṣe. Ọmọ yín kò yan Pásítọ̀, kò sì yan ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fi ara ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìgbàgbọ́, tó wá fi owó ìjọ tọ́jú ara tirẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ tóbi. Jákọ́bù ti kìlọ̀ pé kí ọ̀pọ̀ nínú wa má ṣe di olùkọ́ni, torí ìdájọ́ tiwọn yóò le jù.

Ẹ̀bi náà kò sì parí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dá mi lójú pé nọ́ọ̀sì wà nínú ìjọ yín, ó ṣeé ṣe kí díákónì tó ń ta oògùn wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìwàásù yẹn, wọ́n sì ṣe Àmín. Àwọn ilé ìwòsàn wa náà ní tiwọn láti jẹ́wọ́. Ẹni tó dé ilé ìwòsàn ìjọba ní àárín òru tí wọ́n jágbe mọ́, tí wọ́n ní kó lọ ra ìbọ̀wọ́ àti owú wá, tí dókítà kan ṣoṣo tó wà ti lọ ìyanṣẹ́lódì, kò yà mí lẹ́nu bó bá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó máa gbé ọwọ́ lé e lórí, tó máa pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà wa láti Kábà sí Ìlọrin tàbí sí Lọ́kọ́já, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí, ti àwọn ajínigbé sì tún wà níbẹ̀. Bí ìtọ́jú bá jìnnà, ẹni tó wà nítòsí ni a máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ní ti ìwé tí ẹ fà ya, ẹni tó ní àṣẹ lórí yín ló fi ẹ̀rù mú yín, ẹ sì fẹ́ dáàbò bo ọmọ yín. Mi ò ní fi yín sí ipò kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òní tí ẹ ti ka èyí, ipò yín ti yí padà.

Ọkọ yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwé náà dé. Bàbá ọmọ ni. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ pé ìwàásù náà kò tọ̀nà, kí ló dé tí kò mú ọmọ lọ sí sẹ́ńtà ìlera fúnra rẹ̀? Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi í, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ mú un lọ. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ HPV fún ọmọ tí kò gbà á nígbà tí wọ́n wá sí ilé-ìwé. Bí kò bá sí lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà, ẹ béèrè ọjọ́ tí yóò dé, kí ẹ tún padà lọ, torí nígbà tó bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ètò ọ̀fẹ́ yìí kò kàn án mọ́. Apá rẹ̀ lè dùn ún, ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, àwọn ọmọ mìíràn máa ń dákú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó máa lọ. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ara ọmọ kọ̀ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe bó bá ṣẹlẹ̀ níwájú wọn. Ẹ tọ́jú káàdì rẹ̀.

Ní ti Pásítọ̀, mi ò ní kí ẹ fi ìjọ sílẹ̀, mi ò sì ní kí ẹ dúró. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun mìíràn tí ìjọ náà jẹ́ fún yín. Ẹ mú àgbà ìjọ kan tó máa ń gbọ́ tiyín dání, ẹ lọ bá a nílé, kì í ṣe ní gbangba. Ẹ kí i kú ewu. Kí ẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un ní Àbújá láti orí pẹpẹ tó ti sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, kó sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti rí pásítọ̀ tó gbà, tó sì ṣe é tọkàntọkàn. Mo ti rí èyí tó bínú. Bó bá bínú, ẹ ti ṣe èyí tó kàn yín, ẹ sì lè máa bá àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń ti ìpàdé bọ̀.

Ohun kan tún kù tí ẹ kò béèrè. Abẹ́rẹ́ yìí kò kájú gbogbo irú HPV, nítorí náà ọmọ yín yóò ṣì nílò àyẹ̀wò nígbà tó bá dàgbà. Ẹ̀yin fúnra yín, bí ẹ bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, àyẹ̀wò yẹn kàn yín nísinsìnyí, bí ara yín tilẹ̀ le. Ọtí kíkan ni nọ́ọ̀sì máa fi tọ́ ẹnu ilé-ọmọ, yóò dúró fún ìṣẹ́jú kan, yóò sì wò ó bóyá ibì kan funfun. Kì í pẹ́, kì í dunni ju bí ẹni gbé ẹsẹ̀ sókè lórí bẹ́ẹ̀dì ìgbẹ̀bí lọ. Bó bá rí nǹkan nígbà tí kò tíì di jẹjẹrẹ, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ kí ẹ sì máa rìn lọ sílé yín. Bí wọn kò bá máa ń ṣe é ní sẹ́ńtà tó wà nítòsí yín, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ní Lọ́kọ́já, kí ẹ sì mú ìyá kan láti ìjọ yín dání lọ.